Ìdágbére fún Ẹ̀rọ Amúnáwá Wa

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi yí ọ̀pá rẹ
kí agogo àkọ́kọ́ tó dún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.
Wàá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun,
wàá wá bú ramúramù.
Èéfín rẹ á gba ojú fèrèsé wọlé bá àwọn akọrin,
wọ́n á fi etí aṣọ bo imú,
wọ́n á sì máa yin Ẹlẹ́dàá afẹ́fẹ́.

Èmi Akíndojútìmí, agbálẹ̀ ilé Ọlọ́run,
èmi ni mo mọ̀ ọ́ jù.
Ìwé ìnáwó wà lọ́wọ́ mi:
ojú ewé mẹ́rin fún dísù,
ìlà kan ṣoṣo fún àwọn opó.
Níwọ̀n ìgbà tó o sì ti kú, jẹ́ n sòótọ́:
ìgò kan, ìgò kan ni mò ń fà lára rẹ
tà fún ẹlẹ́rọ ata.
Má bínú.

Lódìkejì òpópó, Ládàánì Sálíù a máa pe ìrun Àílà.
À ń rí ọwọ́ rẹ̀ létí,
à ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń là, tó ń pa dé.
A ò gbọ́ ọ rí.

Àfi ọdún tí òjò kọ̀ tí kò dá.
Àlà gbàgbé ààlà.
Ó gbé bàtà àwọn olùkírun, ó ká ẹní wọn,
ó sọdá sọ́dọ̀ wa,
kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ìrìbọmi.
Ó bá ọ nínú ahéré rẹ, ó fún ọ lómi mu.
O mu ún yó.
O ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo gbọ́ Sálíù.
Ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Ó dùn.

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó.
Baba Ìjọ Fágbohùn ní ká ra òmíràn tó jù ọ́ lọ,
ilé Ọlọ́run kì í dákẹ́.
Ìyá Olúfúnmbi dìde láti ẹ̀yìn,
ó kó èso kòkó mẹ́ta sórí tábìlì,
dúdú, rírà, láti oko rẹ̀ lọ́nà Ìdànrè.
"Èéfín tí à ń rán lọ sókè, ẹbọ Ábẹ́lì ni ẹ pè é?
Òjò tí kò mọ ìgbà mọ́, ta ló dà á láàmú?
Wọ́n ní ká ro ọgbà, ká sì máa ṣọ́ ọ.
Ṣé ṣíṣọ́ rèé?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kòkó ń rùn lórí tábìlì.

Owó ìkórè la fi ra sólà, mọ́ṣáláṣí sì dá tiwọn sí i.
Igi máńgòrò ṣíji bo òrùlé tiwọn,
wọn ò sì ní gé e,
ni gbogbo pátákó náà bá gun orí ilé tiwa.
Wáyà kan sọdá òpópó,
ó ń fa omi àlùwàlá sókè.
Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọmọ iléekéwú á gbé àkàbà wá,
wọ́n á nu eruku kúrò lójú rẹ̀,
wọ́n á jẹ bisikíìtì wa.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dán o.
Lálẹ́ àìsùn ọdún, bátìrì kú ní aago mẹ́ta.
"Mo ti wí!" Baba Fágbohùn nìyẹn, nínú òkùnkùn.
Òkùnkùn náà la fi parí àdúrà.

Irúgbìn arère ló wà nínú ahéré rẹ báyìí, nínú ọ̀rá omi.
Mo ti ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé ìnáwó;
mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ oòrùn sí i.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń jí ní ìdájí,
ó ń wá ọ̀pá rẹ kiri lórí ẹní.
Sálíù á pè.
Màá dìde.